Ojú Tí Mo Jogún Lọ́dọ̀ Yín

Bàbá mi àtàtà,

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lé díẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ mi nínú yàrá iwájú, ní Pedro níbí. Àwọn ọmọ ti lọ sí iléèwé, ọkọ mi ti jáde lọ sí Àpápá láti ìdájí, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó yẹ kí n máa lẹ bébà ni, torí wákàtí mélòó kan tí ilé fi ń dákẹ́ yìí nìkan ni iṣẹ́ mi ń rí gbà nínú ọjọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ti gọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mú bírò. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, mi ò sì kọ nǹkan kan sí yín rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá. Mi ò mọ ẹni tí irú ẹ̀rù yìí lè yé bí ó ṣe máa yé yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ-ọmọ yín ti pé ọdún mẹ́wàá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì jogún ìka ọwọ́ yín. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ẹ ò mọ àbúrò rẹ̀. Ọpẹ́yẹmí ni orúkọ rẹ̀, obìnrin ni òun náà, kò pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ lọ ni mo bí i. Ọmọ yẹn ò mọ ìjókòó. Bí mo bá tẹ́ bébà sílẹ̀ pé kí n wọ̀n ọ́n, orí bébà yẹn gan-an ló máa wá dùbúlẹ̀ sí. Ọkọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé, èmi ni ilé àti ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín méjèèjì.

Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ mí mọ́ yẹn náà ni mo ṣì ń ṣe. Ẹ̀yin ń tẹ̀wé, èmi ń di ìwé. Ìwé ńlá tí wọ́n ń lẹ fọ́tò ìgbéyàwó sí ni mo ń fi ọwọ́ ṣe. Mo ń fi òwú rán an lẹ́yìn, mo ń fi àdìrẹ bo èèpo rẹ̀. Mo tún máa ń ṣe irú èyí tí àwọn èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí nígbà tí ẹnì kan bá kú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí mo bá gbé èyí tí mo ṣe tán wá fún yín, ẹ máa ń fi àtàǹpàkò gba etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó gbé e símú, ẹ ó ní ó dáa. Inú mi á dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mo rò pé bí àwọn àgbà atẹ̀wé ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ yín ló kù tí ẹ fi ń ríran.

Bí ọjọ́ mi ṣe ń lọ rèé. Kí n tó fọwọ́ kan bébà láàárọ̀, mo ti wẹ̀ fún ẹnì kan, mo ti di irun ẹnì kejì, mo ti din ẹyin, mo ti wá ẹsẹ̀ kan ìbọ̀sẹ̀ tó sọnù, mo ti mú àwọn méjèèjì dé iléèwé. Bí aago méjì bá lù, mo gbọ́dọ̀ ti dúró sẹ́nu géètì wọn padà. Láàárín ìgbà yẹn ni mo ń gé, tí mo ń rán, tí mo ń lẹ, tí mo ń dá àwọn ìyàwó tuntun lóhùn lórí Wásáàpù, tí ọbẹ̀ sì wà lórí iná. Lọ́jọ́ kan, Ọpẹ́yẹmí da ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sórí èèpo funfun kan tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Òun náà jókòó tì mí, ó ń bá mi sunkún, kò tilẹ̀ mọ ohun tó dé.

Torí náà, nígbà tí àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, mo ní ó ti rẹ̀ mí ni. Ta ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀? Mò ń da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Mò ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn ilé tí mo ti ń gbé láti ọdún pípẹ́ wá. Mo máa wá sísọ́ọ̀sì títí, Mọ́rẹ́nikẹ́ á ní ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo fẹsẹ̀ tẹ abọ́ oúnjẹ Ọpẹ́yẹmí lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo sì na ọmọ náà pé ta ló ní kó gbé abọ́ sójú ọ̀nà. Kò gbé e sójú ọ̀nà, Bàbá. Ibi tó máa ń gbé e sí náà ló gbé e sí.

Àǹtí Rísíkátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aránṣọ ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa. Ó wá jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wò mí bí mo ṣe ń rán ìwé.

“Ìyá Mọ́rẹ́,” ó ní, “kí ló dé tí o máa ń yí gbogbo orí padà bíi adìẹ kí o tó mú nǹkan?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọrùn ló ń dùn mí.

“Ọrùn kọ́ o. Ojú ni. Tètè lọ jẹ́ kí wọ́n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.”

Mo fi ọ̀rọ̀ aṣọ yí ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó máa ń yí orí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń yí orí bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ láti wá ife omi yín, àwa ọmọ sì máa ń fi yín rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Ṣé ẹ ṣì rántí ọjọ́ ìwé ètò ìsìnkú yẹn ní Bajulaiye? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iléèwé girama, mò ń bá yín ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ dúró sídìí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gé bébà. Nígbà tí mo tú ìdì àkọ́kọ́, ọ̀bẹ ti gé ìdajì ojú ìyá arúgbó tí fọ́tò rẹ̀ wà níwájú ìwé náà kúrò. Gbogbo ìdì tó kù, bákan náà. Àwọn ọmọ olóòkú sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí. Mo pariwo mọ́ yín lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò ríran ni?” Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní bébà ló yọ̀. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì bá mi wí nígbà yẹn, ẹ ò bá mi wí lẹ́yìn ìgbà yẹn. Èmi tí mo mọ bí ẹ ṣe máa ń bínú bí ọmọdé bá gbóhùn sókè sí yín, ó yẹ kí n ti fura.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹ kọjá lára mi ní Fádèyí lọ́sàn-án gangan. Mò ń juwọ́ sí yín, mò ń pè yín, ẹ dúró, ẹ ń wá ohùn mi kiri nínú èrò bí ẹni tó sọnù. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Nígbà tí a fi mú yín dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní a ti pẹ́ jù. Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Bàbá? Ọdún mélòó lẹ fi nìkan gbé e? Ṣé torí kí a má baà ti ṣọ́ọ̀bù ni? Àbí ẹ rò pé bí ẹnikẹ́ni ò bá ti sọ ọ́ jáde, kò tíì rí bẹ́ẹ̀?

Mò ń bi yín léèrè torí pé ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn.

Nígbà tí àwọn ọmọ padà sí iléèwé lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì, mò ń mú wọn sọdá Pedro Road láàárọ̀. Mo di Ọpẹ́yẹmí mú lọ́wọ́ òsì, Mọ́rẹ́nikẹ́ wà lẹ́yìn wa. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ojú títì mọ́ kedere. Mo gbé ẹsẹ̀. Mo gbọ́ tí Mọ́rẹ́nikẹ́ kígbe, “Mọ́mì!” Ó fa aṣọ mi láti ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi àti àbúrò rẹ̀ fi ṣubú lulẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan fẹ́ẹ́ kọjá níwájú wa, ó gbá báàgì Ọpẹ́yẹmí, fúláàsì oúnjẹ rẹ̀ fò jáde, ó fọ́ sójú títì. Ọmọ náà ò fi ibì kankan ṣèṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi fà á bọ́ sójú ọ̀nà, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí mi ò ti ríran.

Awakọ̀ náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó yọ orí síta.

“Ìyá yìí, ṣé ẹ ò ríran ni?”

Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín ló sọ sí mi yẹn, kò fi ọ̀kan pe méjì. Mo jókòó lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, ìrẹsì ọmọ mi tú ká sí mi lẹ́sẹ̀, ìtìjú sì gbé mi mì ju ẹ̀rù lọ. Ẹ dárí jì mí. Ó yẹ kí n ti sọ èyí fún yín nígbà tí ẹ ṣì wà lórí àga yín lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ń gbọ́ rédíò. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó, ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ó di ọ̀la.

Mo ní kí àwọn ọmọ má sọ fún bàbá wọn. Mọ́rẹ́nikẹ́ mi orí pé òun ti gbọ́, kò wò mí lójú.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti di ẹlẹgbẹ́ mi. Bí mo bá wà nìkan, mo máa di ojú ọ̀tún, màá fi òsì nìkan wo ògiri iwájú. Ògiri wà níbẹ̀, kàlẹ́ńdà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ti lọ. Ibẹ̀ ò ṣókùnkùn, kò sí ohun tó bò ó. Kò kàn sí níbẹ̀ mọ́ ni. Màá ṣí ojú ọ̀tún, ilẹ̀kùn á padà. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, bóyá ọjọ́ kan á wà tí ilẹ̀kùn náà á dúró.

Síbẹ̀ mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo bẹ̀rù pé ó máa ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé ilé àti ọmọ nìkan ti tó mi í ṣe, pé òwú àti abẹ́rẹ́ ló ń jẹ ojú mi. Bí mo bá sì fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, mi ò mọ ohun tó máa kù nínú mi tí kì í ṣe ìyá ẹnì kan tàbí ìyàwó ẹnì kan. Mo tún bẹ̀rù pé dókítà máa dárúkọ àìsàn náà. Bí wọn ò bá tíì dárúkọ rẹ̀, ó ṣì lè jẹ́ àárẹ̀. Mo wá ń gba iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ìyàwó tuntun mẹ́ta ní oṣù kan ṣoṣo, èmi tí mi ò lè ṣe ju ẹyọ kan lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo fẹ́ fi han ara mi pé mo ṣì ríran ni.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àṣírí náà tú. Iná wà, ọkọ mi ń lọ aṣọ iléèwé àwọn ọmọ nínú yàrá, èmi ń rán ìwé. Mo wá ṣàkíyèsí pé òwú pupa kan wà lára sísọ́ọ̀sì mi, wọ́n so ó mọ́ ọn kí n lè tètè rí i. Èmi kọ́ ni mo so ó. Mo wo ilẹ̀: kò sí bàtà, kò sí abọ́, kò sí nǹkan ìṣeré kan ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì. Ife omi mi wà lápá ọ̀tún. Mo rántí pé láti bí oṣù mélòó kan, bí a bá ti ń rìn ní títì, apá òsì mi ni Mọ́rẹ́nikẹ́ máa ń bọ́ sí. Mo pè é.

“Mọ́rẹ́nikẹ́, kí ló dé tí o máa ń wà lápá òsì mi?”

Ó wo ilẹ̀. “Torí pé ẹ kì í rí ohun tó bá wà níbẹ̀, mà.”

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ó ti pẹ́. Kí Màrúwá yẹn tó gbá báàgì Ọpẹ́.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ẹ̀yin náà ò sọ, mà,” ó ní. “Mo rò pé a ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ni.”

Bàbá, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń nìkan gbé nǹkan tó tóbi bẹ́ẹ̀ kiri, torí pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Mi ò jẹ́ kí ojú mi gbẹ tí mo fi wọ yàrá lọ bá bàbá rẹ̀. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó jókòó sórí ibùsùn, ó mú aṣọ iléèwé Ọpẹ́yẹmí lé itan.

“Èmi lo ń fi irú nǹkan báyìí pamọ́ fún?” ó ní.

“Mo rò pé ẹ máa ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbí? Ojú rẹ ni mò ń sọ!” Ó pariwo. Ẹ mọ̀ pé kì í pariwo. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní Pedro Road, mo sì jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ń wo bọ́ọ̀lù.”

Ó bínú sí mi fún ọjọ́ méjì gbáko. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, a jọ wọ mọ́tò ní Fádèyí lọ sí ilé ìwòsàn ojú.

Wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n máa wo àárín gbùngbùn, kí n tẹ bọ́tìnì nígbàkigbà tí mo bá rí iná bíńtín. Mo rí ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rí òmíràn, mo tẹ̀ ẹ́. Ó wá di pé mi ò rí nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ò dákẹ́. Ó ń dún kẹ́, ó ń dúró dè mí, ó tún ń dún kẹ́. Ó yé mi pé bí ó bá ti dún, iná kan ti tàn níbì kan tí ojú mi ò dé. Mo jókòó sínú òkùnkùn yẹn, mo ń fi etí gbọ́ gbogbo ohun tí mi ò rí. Ó ṣe mí bíi kí n kàn máa tẹ bọ́tìnì náà lásán, kí wọ́n lè rò pé mo rí i. Ṣé bí ẹ ṣe ṣe é fún wa nìyẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Bàbá? Ṣé ẹ kàn ń tẹ bọ́tìnì fún wa ni?

Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó wo ẹ̀yìn ojú mi títí, ó wo bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde.

“Mọ́mì, ṣé ẹnì kan ti fọ́jú nínú ẹbí yín?”

“Bàbá mi,” mo ní. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ báyẹn. Nílé, a máa ń sọ pé ojú ń dùn yín ni.

Ó ní gilokóómà ni wọ́n ń pè é. Omi inú ojú ló ń ti iṣan tí ojú fi ń ríran lẹ́yìn, tó ń pa á díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Ó ní ohun tó ti lọ ní ojú òsì kò ní padà. Ojú ọ̀tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí mo bá ń kán òògùn sí i lójoojúmọ́, tí mi ò fo ọjọ́ kan, ó lè dúró síbi tó dé. Ó tún sọ pé “ó lè” lòun sọ o, òun ò fẹ́ tàn mí. Ọkọ mi bi í bóyá iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fà á. Mo di etí àga mú.

“Rárá, sà,” ó ní. “Kì í ṣe iṣẹ́. Inú ẹbí ló ti ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Ẹ ó mú àwọn ọmọ yín náà wá.”

Ìdààmú tèmi parí níbẹ̀, Bàbá. Òmíràn ló bẹ̀rẹ̀, tó jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é báyìí. Ìyàwó tuntun kan péré ni mò ń gbà lóṣù. Mi ò ṣiṣẹ́ mọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Gbogbo bébà tó nípọn, mò ń gbé e lọ sí Bajulaiye kí wọ́n bá mi gé e, nínú ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ibi tí tiyín wà tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi gba àyè níbi iṣẹ́ láti máa pẹ́ débẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó lè mú àwọn ọmọ sọdá títì. Àwọn ọjọ́ yòókù, Àǹtí Rísíkátù máa ń bá wa lọ, á fi ọwọ́ kan di Ọpẹ́yẹmí mú, á fi èkejì máa dá Màrúwá dúró bí ọlọ́pàá. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ọkọ mi á ní kí n gbé orí sẹ́yìn, á bá mi kán òògùn sójú. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ẹ̀kán àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló máa ń bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ fún yín pé ẹ̀rù ti lọ. Bí mo bá jí, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, mo ti di ojú kan, mo ti wo ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo di ojú méjèèjì pọ̀, mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ nìkan rán ẹ̀yìn ìwé kan, kí n lè mọ̀ bóyá mo máa lè ṣe é lọ́jọ́ kan. Mo rán ihò mẹ́rin. Ní ẹ̀karùn-ún mo gún ara mi, mo sì la ojú kíákíá.

Àná ni a mú àwọn ọmọ lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn. Ọpẹ́yẹmí kò dúró jẹ́ẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n dókítà tan iná sí i lójú, ó ní kò sí ohun tí òun rí fún ìsinsìnyí. Lẹ́yìn náà ó kan Mọ́rẹ́nikẹ́. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ yẹn bí àgbàlagbà. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún kẹ́, mi ò sì mọ èyí tó rí àti èyí tí kò rí. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe fún mi rí tó dùn mí tó ìdúró yẹn. Dókítà wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kò tíì sí ohun tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ń kọ òun lóminú díẹ̀, kí a máa mú un wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí a má ṣe jẹ́ kó yẹ̀.

Ọkọ mi gbé Ọpẹ́yẹmí lọ ra omi. Èmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, òórùn òògùn ń ti ojú fèrèsé jáde. Ó ń ju ẹsẹ̀.

“Mọ́mì, nígbà tí ojú Bàbá àgbà ń lọ, ṣé ẹ̀rù bà wọ́n?”

Mi ò mọ̀, Bàbá. Gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀, tí mo fi ń gé ẹran yín kéékèèké, tí mo fi ń di yín lọ́wọ́ mú lọ sí ilé ìwẹ̀, mi ò bi yín léèrè rí. Ẹ ò sì sọ. Mo lè sọ fún un pé akọni ni Bàbá àgbà, pé ẹ̀rù ò bà wọ́n. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an ni.”

Bí mo bá purọ́ mọ́ yín, ẹ má bínú. Ọmọ náà dẹ́kun ẹsẹ̀ jíjù. Ó sún mọ́ mi, ó gbé orí lé mi ní èjìká, ó sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan lè na òun:

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mà.”

Mo ní èmi náà. A jókòó síbẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi dé, Mọ́rẹ́nikẹ́ sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun náà pé ẹ̀rù ń ba òun.

Èmi ni, ọmọ yín tó pẹ́ kó tó rí yín, tí kò sì ní yé fẹ́ràn yín láé.